Ẹni Tí Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni fáádà ń wá sí erékùṣù wa,
bí òkun Ṣílóè bá gbà fún un.
Oṣù mọ́kànlá tó kù, èmi ni.
Èmi Nolberto, káfíńtà, tí kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹrin,
èmi ni mò ń ṣí ilẹ̀kùn, tí mò ń ṣáájú àdúrà,
tí mò ń wọ́n omi sórí ọmọ tuntun tí kò lè dúró de ọkọ̀,
tí mò ń sọ fún òkú pé ó dìgbóṣe.

Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rí bóyá mo gbàgbọ́.
Wọ́n bi mí bóyá mo lè tún òrùlé ṣe.

Ṣóọ̀ṣì wa kò ní ìṣó kan ṣoṣo nínú.
Igi la fi de igi.
Òjò ń rọ̀ níbí bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè,
ìṣó á dípẹtà, á já ọ kulẹ̀;
igi ní tirẹ̀ á mu omi, á wú,
á wá di ẹnìkejì rẹ̀ mú ṣinṣin.
Bàbá mi ló wí fún mi: má bẹ̀rù igi tó tutù,
èyí tó gbẹ jù ni kí o bẹ̀rù.

Eliecer ọmọ mi bá òkun lọ nínú oṣù kẹjọ.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Wọ́n rí ọkọ̀. Wọ́n rí bàtà òjò ẹsẹ̀ òsì.
Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí lẹ́nu.
Mo bẹ̀rẹ̀ Baba Wa. Mo dé ibi ìfẹ́ Tirẹ ni kí a ṣe,
ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja.
Ìyá Otilia, tí kò ríran mọ́,
tó ń gbọ́ òórùn ìjì kí ìjì tó dé,
ló gbà á lẹ́nu mi, ó kà á dópin.
Ó ní: "Sinmi, Nolberto. A ó máa bá ọ gbé e.
Tó bá yá, wàá gbà á padà."

Ọdún méje rèé. N kò tíì gbà á.
Mo bá dé ibẹ̀, n ó dákẹ́, ìjọ á sọ ọ́,
bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń kó ewéko òkun sínú kẹ̀kẹ́,
mo ní: Ìwọ tí O mọ̀ ọ́n rìn lórí omi,
èéṣe tí O kò kọ́ ọmọ mi?
Ìgbì wá, ìgbì lọ.
Mo ti kẹ̀kẹ́ mi relé, mo fi ewéko sí ìdí ọ̀dùnkún,
torí ọ̀dùnkún kò mọ̀ pé mò ń bínú.

Lọ́dún tó kọjá, omi fẹ́ jẹ ilé Ìyá Otilia.
A gbé e kúrò níbẹ̀, odidi ilé lórí igi róbótó,
màlúù méjìlá, àti gbogbo èjìká tó wà nílé.
Baudilio, tó ti ìlú ńlá dé, tó ní kò sí Ọlọ́run,
òun ló kọ́kọ́ ki ọrùn bọ okùn.
Arsenio, tó mọ rosárì síwá sẹ́yìn,
ní ẹ̀yìn ń dun òun.
N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mo kàn wà níbẹ̀ ni.
Kí a tó gbàdúrà, mo fọwọ́ yẹ gbogbo kókó okùn wò,
mo sì tú méjì.
Ìyá kọ̀, kò jáde. Ó jókòó ti ààrò rẹ̀,
èéfín ń yọ lórí ilé tó ń rìn.
Ó yọrí lójú fèrèsé: "Ṣé a ti dé?"
Mo ní: "A ń lọ, Ìyá."

Òwúrọ̀ yìí, ilẹ̀kùn wú, ó kọ̀, kò ṣí.
Mo fi èjìká tì í.
Lẹ́yìn mi, èèyàn mẹ́rin ti dúró sínú òjò,
Baudilio ló ṣe ìkẹrin,
ó ní agboòrùn lòun wá dá padà.